Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Bí A Ṣe Ń Gbé Dẹ́kì Àjèjì Wọ Ìdíje Magic

Ẹni tó jókòó dojú kọ yín níbi ìdíje eré káàdì Magic: The Gathering ti fi dẹ́kì (àkójọ káàdì tí oníkálukú fi ń ta) mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tó wà lóde dánra wò kó tó kúrò nílé. Ó mọ káàdì tó yẹ kó pa lójú ẹsẹ̀, ó sì mọ èyí tó lè fi sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé dẹ́kì tí kò rí rí síwájú rẹ̀, ó di àlejò nílùú yín nìyẹn, àlejò sì lójú, kò fi ríran. Yóò pa ohun tí kò yẹ kó pa, yóò tọ́jú káàdì tí kò lè wúlò fún un, yóò máa ka ohun tí ẹ gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tí agbára dẹ́kì àjèjì ti ń wá nìyẹn. Ó tó gba ife, àmọ́ kò ní ran yín lọ́wọ́ bí ẹ̀yin tí ẹ ni dẹ́kì kò bá tíì di onílé nínú rẹ̀.

Ẹni tó ti mọ òfin Magic, tó wà ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́ tàbí ibòmíràn ní Èkìtì, tó ń múra ìdíje tó le, tí kò sì fẹ́ lo dẹ́kì tí gbogbo ayé ń lò, òun ni a kọ èyí fún.

Níbo ni káàdì tiwọn kò lè dé?

Káàdì tí ẹnikẹ́ni kì í lò, ìdí wà tí wọn kì í fi í lò, ìdí yẹn sì sábà máa ń jẹ́ pé kò dára. Nítorí náà, kí ẹ tó nífẹ̀ẹ́ dẹ́kì kan torí pé ó ṣàjèjì, ẹ bi ara yín: ohun tí àwọn dẹ́kì tó wà lóde ń kó káàdì jọ láti dènà, ṣé ohun náà ni tèmi náà ń ṣe? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dá (creature, káàdì tó ń jà fún ẹni tó ni ín) ni dẹ́kì yín fi ń kọlù bíi tàwọn yòókù, tó kàn jẹ́ pé ẹ̀dá tí kò lókìkí ni, gbogbo káàdì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀dá ṣì wúlò sí yín. Ẹ ti fi agbára sílẹ̀, ẹ kò sì rí nǹkan kan gbà dípò rẹ̀. Ọmọ orógùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi í gúnyán.

Dẹ́kì àjèjì tó dára máa ń gbé ìjà lọ síbi tí ọwọ́ wọn kò tó. Ẹ wo dẹ́kì tí wọ́n ń pè ní Lantern Control. Zac Elsik fi gba ìdíje ńlá Grand Prix Oklahoma City ní 2015. Ní oṣù Kejì 2018, Luis Salvatto, ọmọ Argentina, fi gba Pro Tour, ìdíje àwọn ọ̀gá, ní Bilbao, lórílẹ̀-èdè Spéènì. Lọ́jọ́ tí Salvatto gbà á, ó ti lé ní ọdún méjì tí gbogbo ayé ti mọ dẹ́kì náà. Kì í tún ṣe ohun ìyàlẹ́nu mọ́, síbẹ̀ ó borí, nítorí pé ibi tó ti ń jà kò yí padà.

Ohun mẹ́ta ló gbé e dúró. Lantern of Insight ń jẹ́ kí gbogbo ojú rí káàdì tó wà lórí dẹ́kì ẹni kọ̀ọ̀kan. Codex Shredder ń ti káàdì kan láti orí dẹ́kì sí ibojì (graveyard, ibi tí káàdì tó ti kú ń lọ). Ensnaring Bridge ní kí ẹ̀dá tí agbára rẹ̀ bá ju iye káàdì tó wà lọ́wọ́ yín lọ má lè kọlù. Bí ọwọ́ yín bá ṣófo, ẹ̀dá tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 pàápàá kò lè kọjá. Alátakò lè ní ogún ẹ̀dá, wọ́n ti há sẹ́yìn afárá. Ó lè ní káàdì mẹ́jọ tó ń pa ẹ̀dá, kò sí ẹ̀dá tí yóò pa. Káàdì bíi mélòó kan péré nínú 60 tirẹ̀ ló lè tú u sílẹ̀, ẹ sì ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo tọ́ọ̀nù (ìgbà tó kan ẹnì kan láti ta) kan tàbí méjì nínú rẹ̀, kí ohun tí à ń pè ní onílé lè yé wa. Lantern wà nílẹ̀, Bridge wà nílẹ̀, Shredder méjì wà nílẹ̀, ọwọ́ yín sì ṣófo. Tọ́ọ̀nù alátakò ló kàn. Orí dẹ́kì rẹ̀ ń fi lándì (káàdì tó ń mú mánà wá, ohun tí a fi ń sanwó káàdì yòókù) hàn. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Lándì kò lè pa yín, ẹ jẹ́ kó fà á. Nígbà tó tún kàn án, káàdì tó ń fọ́ artifact (irú káàdì tí Lantern, Bridge àti Shredder jẹ́) ló yọjú. Ẹ lo Shredder kìíní, ẹ tì í sí ibojì. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ tún burú? Ẹ lo ìkejì. Bí ìkẹta náà bá tún burú, ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn, nítorí Shredder tí ẹ ti lò kò ní dìde títí tọ́ọ̀nù yóò fi padà kàn yín. Ìdí rèé tí onílé fi máa ń wá Shredder kẹta kíákíá, dípò kó máa sinmi lórí méjì, nígbà tí òpè ń rò pé géèmù ti parí.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Upkeep alátakò, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ tọ́ọ̀nù rẹ̀ kó tó fa káàdì, ni ẹ gbọ́dọ̀ lo Shredder, ó pẹ́ tán. Lẹ́yìn upkeep, yóò fa káàdì, kò sì sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti ṣe ohunkóhun kó tó fà á. Bí ẹ bá ti parí tọ́ọ̀nù yín, ẹ sọ ọ́ síta: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró fún mi ní upkeep kí ẹ tó fà.” Ẹ máa sọ ọ́ ní gbogbo tọ́ọ̀nù, kódà nígbà tí ẹ kò ní nǹkan kan ṣe, kó lè mọ́ ọn lára, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì yá ju ẹnu yín lọ. Ẹ má fi sọ́kàn pé adájọ́ yóò dá káàdì tó ti fà padà.

Dẹ́kì tiyín lè má jẹ mọ́ Lantern rárá. Irú ìmọ̀ yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ ní nípa rẹ̀: káàdì wo ni mo lè jẹ́ kó kọjá, èwo ni kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìgbà wo ni àyè mi parí.

Ìṣirò

Dẹ́kì tó pọ̀ jù nínú àwọn àjèjì, ìṣirò ló ń pa wọ́n, kì í ṣe alátakò. Nínú dẹ́kì 60, ẹ kò lè fi ju ẹ̀dà mẹ́rin káàdì kan lọ, àfi lándì ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀dà mẹ́rin sí i, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn máa ń wà nínú káàdì méje àkọ́kọ́ ní ìgbà 40 nínú 100. Ẹ̀dà mẹ́ta, bíi 32. Ẹ̀dà méjì, 22. Ẹ̀dà kan ṣoṣo, 12.

Wàyí o, àwọn tó ń kọ́ dẹ́kì àjèjì fẹ́ràn káàdì méjì tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pàdé, géèmù parí. Ẹ fi ẹ̀dà mẹ́rin mẹ́rin sí i, ó ku bí wọn yóò ṣe pàdé. Pé kí méjèèjì wà nínú káàdì méje àkọ́kọ́, ìgbà 15 péré nínú 100 ni. Bí ẹ bá fà títí di káàdì kẹwàá, ìyẹn tọ́ọ̀nù kẹrin ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó gòkè dé bíi 27. Nínú géèmù mẹ́rin, ẹ ó dé tọ́ọ̀nù kẹrin nínú mẹ́ta láìtíì ní ohun tí ẹ torí rẹ̀ wá. Dẹ́kì oníná tó ń sáré kò ní dúró dè yín títí dìgbà náà.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe, ẹ sì lè lo méjèèjì pọ̀. Èkíní, ẹ wá arọ́pò: káàdì mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà tàbí tó lè wá èkíní jáde láti inú dẹ́kì. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú ẹ̀dà mẹ́jọ ohun kan náà máa ń wà nínú káàdì méje àkọ́kọ́ ní ìgbà 65 nínú 100. Ó yàtọ̀ pátápátá sí 40. Èkejì, kí ìdajì kọ̀ọ̀kan lè dá wúlò. Káàdì tí kò ṣe nǹkan kan títí èkejì rẹ̀ yóò fi dé ń gba àyè lọ́wọ́ yín bí àlejò tó jókòó lórí ẹní tí kò bá wọn dá owó oúnjẹ. Bí ẹ bá fẹ́ yọ káàdì kan kúrò nínú dẹ́kì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má sì gé lándì nítorí pé àyè há. Lándì 24 nínú 60 ń fún yín ní nǹkan bíi 2.8 nínú káàdì méje. Bí dẹ́kì yín bá nílò mánà mẹ́rin ní tọ́ọ̀nù kẹrin, tí ẹ sì gé e sí 20 kí káàdì aláràbarà mẹ́rin lè wọlé, ẹ ó jókòó ti lándì méjì, ẹ ó máa wo ẹwà ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

Battle of Wits ni ẹ̀rí tó dára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ ìṣirò. Káàdì náà ní bí upkeep yín bá bẹ̀rẹ̀ tí káàdì 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì wà nínú dẹ́kì yín, ẹ ti borí. Òfin kò dá iye káàdì tó pọ̀ jù lọ sílẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn ń kọ́ dẹ́kì 240. Nínú 240, ọ̀kan nínú ẹ̀dà mẹ́rin máa ń wà nínú káàdì méje àkọ́kọ́ ní ìgbà 11 péré nínú 100. Ó di dandan kí ẹ kó káàdì tó ń wá káàdì sínú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì wá nǹkan nínú dẹ́kì, ẹ gbọ́dọ̀ tún un pò, òfin sì ní kí ẹ lè fúnra yín po dẹ́kì yín láìsí olùrànlọ́wọ́. Ẹ pín in sí ìdì mẹ́rin, ẹ po ìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ ìdajì ìdì sí ara wọn, ẹ tún pò. Ẹ fi aago ka ara yín nílé. Bí ọwọ́ yín kò bá yá, ẹ fi dẹ́kì yẹn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 50 tí wọ́n ń fún ìdíje géèmù mẹ́ta yóò tán sí ọwọ́ yín níbi pípò.

Káàdì, slíìfù àti ojú ọjọ́ Èkìtì

Ẹ lo foil (káàdì tó ń dán) díẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é, tàbí kí ẹ má lò ó rárá. Ọ̀pọ̀ káàdì àjèjì jẹ́ káàdì àtijọ́, foil nìkan sì ni ẹ lè rí rà nígbà mìíràn. Ojú kan foil jẹ́ ike tín-ín-rín, ojú kejì jẹ́ bébà. Lásìkò òjò, bébà ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń wú, ike kò wú, káàdì á tẹ̀. Nígbà ọyẹ́, bébà á gbẹ, káàdì á tẹ̀ sí ìhà kejì. Foil mẹ́rin tó tẹ̀ láàárín káàdì 56 tó tẹ́jú, ọwọ́ yóò máa já dẹ́kì síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Adájọ́ lè kà á sí káàdì tó lámì, pàápàá bó bá jẹ́ pé káàdì tó ṣe pàtàkì jù nínú dẹ́kì yín ni.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ ki gbogbo 60 bọ slíìfù (àpò ike tí a ń ki káàdì kọ̀ọ̀kan bọ̀), ẹ pò ó, ẹ gbé e ka orí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi ojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tó ṣí sílẹ̀, káàdì tó tẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú, ẹ já dẹ́kì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ máa wo káàdì tí ẹ já sí. Bí ẹ bá já sí káàdì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní òwúrọ̀ ìdíje, torí òru kan tí òjò rọ̀ tó láti yí i padà.

Slíìfù: ẹ nílò 60 fún dẹ́kì àti 15 fún sideboard (káàdì àfikún tí ẹ lè fi ṣe pààrọ̀ láàárín géèmù méjì), inú páàkì kan náà sì ni kí gbogbo wọn ti wá. Páàkì méjì tí wọ́n kọ àwọ̀ kan náà sí lára lè yàtọ̀ díẹ̀ lójú iná. Nínú páàkì 100, 25 yóò ṣẹ́ kù. Ẹ gbé wọn dání fún èyí tó bá ya. Bí iná bá lọ tí fáànù dúró, ọwọ́ yóò làágùn, slíìfù yóò máa lẹ̀ mọ́ra. Ẹ mú aṣọ ìnuwọ́ kékeré dání. Ní ti pípò, kíka káàdì sí òkìtì òkìtì kì í ṣe pípò. Òfin gbà yín láyè láti ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ka iye káàdì ni. Ẹ fi ìdajì wọ inú ìdajì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀meje, kí ẹ tó gbé e fún alátakò láti pò.

Ẹ yẹ àtòkọ káàdì tí wọ́n fi òfin dè wò ní ọ̀sẹ̀ ìdíje gan-an, kì í ṣe ìgbà tí ẹ kọ́ dẹ́kì. Mox Opal tó jẹ́ òpó Lantern, wọ́n fi òfin dè é nínú Modern, ọ̀kan lára ọ̀nà tí a ń gbà ta Magic, ní oṣù Kìíní 2020, wọ́n sì dá a padà ní oṣù Kejìlá 2024. Àtòkọ dẹ́kì tí ẹ máa kọ fún wọn, ẹ kọ orúkọ káàdì ní kíkún, ẹ ro iye rẹ̀ pọ̀ kó jẹ́ 60 àti 15. Àṣìṣe níbẹ̀ lè ná yín ní géèmù kan láìtíì fa káàdì.

Ìdánrawò nígbà tí ẹ kò pọ̀

Ní Èkìtì, ẹ lè má ju mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ń ta káàdì yìí pọ̀. Ó ní àǹfààní kan: wọn yóò mọ dẹ́kì yín tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó sì rí bí dẹ́kì náà ṣe ń ṣe nígbà tí kò ṣàjèjì mọ́. Bó bá ṣì ń borí níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e lọ. Bó bá jẹ́ pé géèmù mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló borí, ìyàlẹ́nu nìkan ló ní, ìyẹn kò sì ní gbé yín dé ìpele karùn-ún.

Kí wọ́n tó lè fi dẹ́kì tó wà lóde dojú kọ yín, ẹ kò nílò káàdì gidi. Ẹ tẹ ẹ̀dà bébà ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ gé e ní mílímítà 63 sí 88, ẹ fi káàdì tí kò níye lórí sẹ́yìn rẹ̀ nínú slíìfù. Inú ilé ni èyí mọ o. Ìdíje tó lọ́ǹtẹ̀ kì í gba ẹ̀dà bébà, àfi èyí tí adájọ́ fúnra rẹ̀ bá ṣe fún káàdì tó bàjẹ́ lórí tábìlì níbẹ̀.

Ẹ mú dẹ́kì mẹ́rin tàbí márùn-ún tó pọ̀ jù lóde, ẹ ta géèmù mẹ́wàá pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan láìlo sideboard, kí ẹ sì ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú sideboard. Ẹ má yí iye yẹn po. Nínú ìdíje géèmù mẹ́ta, géèmù kìíní nìkan ni ẹ ń ta láìsí sideboard. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ẹni tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó pa yín, tọ́ọ̀nù tí ó parí, káàdì tó wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò lè lò. Ìlà ìkẹyìn yẹn ni ẹ óò máa padà kà. Káàdì kan náà tó bá ń yọ níbẹ̀ léraléra, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Lórí tábìlì

Alátakò yóò fẹ́ ka káàdì yín. Ẹ fún un kó kà á, ẹ má sì purọ́ nípa ohun tó wà nílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ara káàdì àtijọ́ bá yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń lò ó báyìí, ẹ nawọ́, ẹ pe adájọ́. Má ṣe bá ẹni tó jù yín lọ tàbí ẹni tí ẹ jù lọ jiyàn lórí rẹ̀. Àmọ́ kíkà yẹn ń jẹ àkókò, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ yára sí tiyín. Bí ìṣẹ́jú 50 bá pé, tọ́ọ̀nù márùn-ún péré ló kù. Ọ̀mì jẹ́ máàkì kan, àṣeyọrí jẹ́ mẹ́ta. Dẹ́kì tó ń fà gùn tó sì ń ṣe ọ̀mì léraléra kò ní rí ìpele ìkẹyìn. Nígbà tí ẹ bá ti há alátakò mọ́, ẹ fi sùúrù fi hàn án pé kò sí ọ̀nà, kó lè fúnra rẹ̀ jọ̀wọ́ géèmù. Ẹ má ṣe fi agbára mú un.

Bí dẹ́kì yín bá ń yípo, ìyẹn ni pé ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ fi hàn lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ sì sọ ibi tí yóò parí sí. Ohun tó ń dé bá àwọn èèyàn ni pé wọn kò lè sọ ibi tí yóò parí sí. Four Horsemen ni àpẹẹrẹ rẹ̀: Basalt Monolith àti Mesmeric Orb ń ti dẹ́kì sí ibojì, Emrakul sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà láti tún pò. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó máa borí tó bá yá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí káàdì tí wọ́n ń wá yóò yọ ní ọ̀nà tó yẹ. Òfin kò gbà kí wọ́n gé irú ìyípo bẹ́ẹ̀ kúrú, bí wọ́n bá sì ń ṣe é lọ, adájọ́ yóò pè é ní ìfàsẹ́yìn. Bí tiyín bá jọ èyí, ẹ tún un kọ́ kí ẹ tó kúrò nílé.

Géèmù kejì ni ìjà gidi. Alátakò ti rí yín báyìí, yóò kó gbogbo ohun tó ní sí yín wọlé láti sideboard. Níbi yìí, ó dára kí dẹ́kì yín ní omi méjì bíi ti Ìkògòsì, kí tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbígbóná. Bó bá kó káàdì tó ń fọ́ artifact mẹ́fà wọlé, tí ẹ sì yọ artifact díẹ̀, tí ẹ fi ẹ̀dá mẹ́rin tó lágbára sí i, àwọn mẹ́fà yẹn kò ní rí iṣẹ́ tó pọ̀ ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti yọ káàdì tó fi ń pa ẹ̀dá kúrò. Ẹ má ṣe kó ohun tó pọ̀ wọlé débi tí dẹ́kì kò fi ní mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Mẹ́rin sí mẹ́fà sábà máa ń tó. Ohun tí yóò wọlé àti ohun tí yóò jáde sí dẹ́kì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé péńpé nílé. Òfin gbà yín láyè láti wò ó láàárín géèmù méjì, kì í ṣe nígbà tí géèmù ń lọ. Ní géèmù kẹta, ẹ wo ohun tó lò ní ìkejì, ẹ lè padà sí ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ alátakò kì í ronú pé ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárín ìpele, ẹ má tẹ́ dẹ́kì yín sórí tábìlì fún àwọn tó ń rìn kiri. Níbi tí èèyàn 17 sí 32 bá ti wá, ìpele márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ta. Títí ìpele kẹta, ọ̀rọ̀ yín ti tàn ká gbọ̀ngàn. Bí ẹnì kan bá béèrè, ẹ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ kò sì níláti ka káàdì yín fún un. Kí ẹ sì tó dìde nídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ dá sideboard padà sáyè rẹ̀, ẹ ka 60, ẹ ka 15, ẹ wo abẹ́ àga.